Orúkọ Ìdílé Kò Tó Ìdílé

Ìdílé kan wà ní Atosin, ní ilẹ̀ Ìdànrè, tí mo mọ̀ dáadáa. Bàbá kan ṣoṣo ni ó bí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ti ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́. Èyí àgbà ń jẹ́ orúkọ baba-ńlá wọn, orúkọ tí Ifá ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èkejì ń jẹ́ orúkọ Bíbélì tí bàbá wọn gbà ní ọjọ́ tí ó ṣe ìrìbọmi. Àbíkẹ́yìn ń jẹ́ ìnagijẹ tí àwọn ẹgbẹ́ bàbá náà fi ń pè é nítorí gíga rẹ̀. Kì í ṣe ìjà ni ó fa èyí. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó mú àkọ́bí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Katikíìsì ìjọ ni ó kọ orúkọ èkejì sílẹ̀. Nígbà tí ó sì kan àbíkẹ́yìn ní 1955, ọdún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tíṣà bi ọmọ náà léèrè ohun tí wọ́n ń pe bàbá rẹ̀, ọmọ náà sì dá a lóhùn pẹ̀lú ohun tí ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀, ó di orúkọ ìdílé.

Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí wàhálà rẹ̀ tó yọjú. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú, oko kòkó ni ó ṣẹ́kù. Àwọn ọmọ-ọmọ fẹ́ ṣe ìwé ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí wọ́n tọ̀ lọ ní òun kò rí bí àwọn tí orúkọ wọn kò jọra báyìí ṣe lè jẹ́ ajogún kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹ̀ka ti àkọ́bí gba ọ̀rọ̀ náà mú, ó ní ẹni tí kò bá jẹ́ orúkọ àwọn kì í ṣe ara àwọn. Ìyá arúgbó kan, ọmọ àbúrò bàbá yẹn, ni ó parí rẹ̀. Kò gbé ìwé kankan wá. Ó ka àwọn ìyàwó bàbá náà ní ẹsẹẹsẹ, ó sọ ilé tí a ti fẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sọ orúkọ tí a sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ìkómọ àti ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ki oríkì tí gbogbo wọn jùmọ̀ ní. Kí ó tó dákẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá ìtàn ìran wọn lóde òní ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ ìdílé, tí wọ́n sì ń parí síbẹ̀. Wọn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orúkọ náà ti bá wọn láti Ilé-Ifẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìdílé tí púpọ̀ nínú wa ń jẹ́ jẹ́ orúkọ tí a sọ ọmọ kan ṣoṣo ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ náà dàgbà, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé iwájú akọ̀wé, akọ̀wé sì dá orúkọ náà dúró níbẹ̀ kí ó má lè kọjá mọ́. Àgbà tí ó gùn jù nínú wọn kò ju ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìdílé wà.

Kí ìwé tó dé, ohun tí a ní pọ̀ ju orúkọ ìdílé lọ. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì mú un jáde ní 1921, pín orúkọ wa sí àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì, ó sì ya orúkọ àbíkú sọ́tọ̀. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ tún fẹ iṣẹ́ náà lójú: Modupe Oduyoye kọ ìwé lórí bí a ṣe ń hun orúkọ ní 1972, Adébóyè Babalọ́lá àti Olúgbóyèga Àlàbá sì ṣe odindi ìwé atúmọ̀ orúkọ ní 2003. Nínú gbogbo ìpín wọ̀nyí, kò sí èyí tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá bí ẹní jogún ìjókòó. Bí a bá fẹ́ ya Òjó kan sọ́tọ̀ lára Òjó mìíràn, a ó ní Òjó ọmọ Lágbájá, tàbí Òjó ará ilé báyìí, tàbí Òjó alágbẹ̀dẹ. Bí Òjó bá sì bímọ, ọmọ náà kò ní jẹ́ Òjó, àfi bí òun pẹ̀lú bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé.

Ní ilẹ̀ Ìdànrè, orí òkè ni irú ètò yìí ti gbilẹ̀. Odòde, Aládé àti Atosin tí a mọ̀ lónìí wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí Nàìjíríà fi síwájú UNESCO ní 2007 sọ pé orí àpáta ni àwọn ènìyàn náà gbé fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún, títí di 1923. Ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta dé ìlú àtijọ́ náà yóò ti rí ibi tí ààfin Ọwá wà, yóò sì mọ̀ pé ènìyàn kì í gbé irú ibẹ̀ kí aládùúgbò rẹ̀ má mọ ẹni tí ó bí i. Àpáta ló há wọn mọ́ra. Ibi tí ilé ẹni wà ti sọ ìdílé ẹni. Mo rò pé sísọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣe ju ohun tí a máa ń kà sí lọ. Àwọn ènìyàn fọ́n ká sí ojú ọ̀nà, wọ́n fọ́n ká sí abà kòkó nínú igbó, àwọn àlejò sì wá bá wọn ṣe iṣẹ́ oko. Láàrin àwọn tí kò mọ ilé ara wọn, ohun tí a kọ sí ìwé ni ó ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ìjọ ń kọ, ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ, àwọn tí ń ra kòkó ń kọ, kóòtù ń kọ. Nígbà tí ó di 1992, òfin mú un ní dandan kí a máa forúkọ gbogbo ọmọ tí a bá bí ní Nàìjíríà sílẹ̀. Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 129,024 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè. Bí a bá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò ní orúkọ ìdílé tí yóò dá. Baba-ńlá wọn tí ó gbé lórí òkè kò ní ọ̀kan, kò sì nílò rẹ̀.

Kí wá ni orúkọ ìdílé lè sọ fún ẹni tí ń wádìí? Ó lè sọ púpọ̀, bí a bá kọ́kọ́ mọ irú orúkọ tí ó jẹ́ kí ó tó di ti ìdílé.

Nígbà mìíràn, orúkọ ọba ni. Ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìdànrè, Déjì Àfúnbíowó Adésidà wà lórí ìtẹ́ láti 1897 títí di 1957. Ẹni tí ó jọba fún ọgọ́ta ọdún, ìyẹn ọgọ́ta ọdún gan-an tí ìwé gba ìlú, kò yà wá lẹ́nu pé orúkọ rẹ̀ ni ìran rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n àwọn Déjì tí ó jẹ ṣáájú rẹ̀ náà ní ọmọ. Ẹni tí ó bá fi Adésidà nìkan wá ìdílé ọba Àkúrẹ́ yóò pàdánù gbogbo wọn.

Nígbà mìíràn, oyè ni. Balógun tí ó wà nílẹ̀ Yorùbá kò lóǹkà, nítorí pé ìlú tí ó bá ti ja ogun rí ti jẹ Balógun. Balógun kan kò bá èkejì tan. Níhà tiwa, ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jẹ́ Lísà, Ọ̀jọmù tàbí Ṣàṣẹrẹ. Wọn ní láti béèrè pé Lísà ìlú wo, ní ayé ọba wo. Ní ìlú tí oyè bẹ́ẹ̀ kò bá jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo, ẹni méjì lè jẹ́ Lísà nínú ìwé kí ẹ̀jẹ̀ wọn má pàdé níbi kankan. Ohun tí oyè ń fúnni ni àkókò. Ìtàn àwọn ọba máa ń dárúkọ ìjòyè wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yọ̀ bí mo bá pàdé ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ oyè, nítorí pé a ó rí ibi tí a ó so okùn mọ́.

Orúkọ àbíkú ni ó máa ń dùn mí jù. Ẹ wo Kòsọ́kọ́. Ọba ni Kòsọ́kọ́ ní Èkó láti 1845 títí di 1851. Ìwé ìtàn kún fún ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Akítóyè àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń wí pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀. Kí ó tó di ọba, ó ti kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ kò dá lójú pé yóò dúró. Kò sí ìwé ìtàn tí ó sọ iye ọmọ tí a ti sin ṣáájú rẹ̀. Orúkọ nìkan ni ó ń tọ́ka sí wọn. Bákan náà ni ti àwọn tí ìdílé wọn ń jẹ́ Málọmọ́, Dúrójayé, tàbí Ikúmápàyí. Ẹ̀rín ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi irú orúkọ wọ̀nyí rín. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ìdílé yín, ẹ mọ̀ pé obìnrin kan wà ní ìran bí mẹ́rin sẹ́yìn tí ó bí, tí ó sin, tí ó tún bí. Bí ẹ bá béèrè orúkọ obìnrin náà nílé, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. A mọ̀ pé Àyàn jẹ́ ti onílù, Ọ̀jẹ̀ ti eléégún, Ọdẹ àti Ògún ti ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, Ọ̀nà ti oníṣẹ́ ọnà, Awo àti Fá ti babaláwo. A mọ̀ pé Ṣó pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ju ibi mìíràn lọ. Ẹni tí ó bá sì ka orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Oǹdó, ní Ìdànrè tàbí ní Ilẹ̀-Olújìí yóò pàdé Akin títí yóò fi sú u. Adé ń tọ́ka sí ilé ọba, Oyè sí ilé olóyè. Èyí wúlò púpọ̀. Bí ìdílé kan bá ti di onígbàgbọ́ láti ìran mẹ́ta, tí kò sí ẹni tí ó rántí iṣẹ́ baba-ńlá, orúkọ lè rántí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù wà ní Òkè-Igbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí a bí D. O. Fágúnwà sí ní 1903. Gbogbo wa la mọ òǹkọ̀wé náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ ilé rẹ̀ bí ẹní wo àwo ọbẹ̀. Ifá wà nínú orúkọ ìdílé. Bàbá rẹ̀ ni Joshua Akíntúndé: Bíbélì àti Akin jókòó pọ̀. Ìyá rẹ̀ ni Rachel Ọ̀ṣunyọmí: Bíbélì àti Ọ̀ṣun. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni Daniel Oròwọlé, kí ó tó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò Oròwọlé. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, orúkọ wọ̀nyí nìkan yóò sọ fún wa pé ilé náà ti mọ Ifá, pé Ọ̀ṣun ti ilé ìyá wá bá a, pé Orò kò jìnnà sí wọn nígbà tí a bí ọmọ náà, àti pé láàrin ìran kan ni ìgbàgbọ́ tuntun gba ilé. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ìyá ni ó gbé Ọ̀ṣun wá. Ẹni tí ó bá wo Fágúnwà nìkan kò ní rí i.

Síbẹ̀, kí a má fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ dá ẹjọ́ ní wàràǹṣeṣà. Ènìyàn lè jẹ́ Ọ̀ṣun láìjẹ́ ọmọ olórìṣà, bí ìyá rẹ̀ bá tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọbìnrin ọba a máa sọ ọmọ rẹ̀ ní Adé nílé ọkọ tí kì í ṣe ilé ọba, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Lóde òní pàápàá, ẹni tí ó bá wu ni ó ń sọ ọmọ ní Adé, nítorí pé ó dùn létí.

Ìwé tún dá kún un. Akọ̀wé kò fi àmì sí orí ọ̀rọ̀. Owolabi tí kò ní àmì lè jẹ́ Owólabí, ó sì lè jẹ́ Ọ̀wọ̀labí, ìdílé méjì tí wọ́n ní èrò méjì nípa ohun tí a fi ọmọ ṣe. Ohùn kan wà lẹ́nu àwọn ará Oǹdó tí ó mú kí wọ́n máa pe ọwọ́ ní ọghọ́. Akọ̀wé tí ó ti Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta wá a máa kọ ọ́ bí ó ti ń pè é nílé tirẹ̀, ẹ̀rí pé ìhà ìlà-oòrùn ni onítọ̀hún ti wá a sì parẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìtàn tí a ń fi túmọ̀ orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí nígbà gbogbo. Wọ́n ní Ìdànrè wá láti inú igbe tí àwọn kan ké nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí àwọn òkè náà pé “Idán rèé!”, àti pé Ùfẹ̀ Òkè ni orúkọ ìlú náà tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́sẹ̀ àpáta wọ̀nyẹn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò ké bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohùn idán rèé kọ́ ni a fi ń pe Ìdànrè. Ọ̀rọ̀ Ùfẹ̀ Òkè ni mo kà sí ẹ̀rí tí ó lágbára jù, nítorí kò sí ẹni tí ó nílò láti ṣe àlàyé rẹ̀: Ifẹ̀ tí ó wà lórí òkè ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún ẹni tí kò kúrò nílé, ti àwọn tí a kó lẹ́rú ńkọ́? A mú Àjàyí ní Òṣogùn ní 1821. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, ó gba Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ CMS. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ Crowther. Ẹni tí ó bá tọpa Crowther yóò dé London, kò ní dé Òṣogùn. Àjàyí tí kò jù nù ni ó mú un padà dé ilé. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀, Afala, tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Bí ó ti rí fún àwọn Williams, Johnson, Cole àti Macaulay tí wọ́n ti Sàró bọ̀ nìyẹn: orúkọ ajíhìnrere ni, tàbí ti ẹni tí ó dúró fún wọn níbi ìrìbọmi, tàbí èyí tí wọ́n ṣáà gbà. Àwọn kan nínú wọn kò gbà á títí ayé. A bí David Brown Vincent ní Iléṣà ní 1860; ní 1894, ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ bí ẹní bọ́ ẹ̀wù tí kò bá a mu, ó di Mójọlà Agbébí. Ní ìhà ti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá sí Èkó, Porto-Novo àti Ouidah, ọ̀rọ̀ tún díjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú tí ó kú ní Ouidah ní 1849, bí ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹrú àti ìwọ̀fà pẹ̀lú a máa jẹ́ orúkọ ọ̀gá wọn. Ọmọ ẹni tí ó ta ènìyàn àti ọmọ ẹni tí a tà lè máa jẹ́ orúkọ kan náà lónìí ní àdúgbò kan náà. Orúkọ ìdílé kò ní sọ èyí tí ó jẹ́ ti ta ni.

Ohun kan wà tí ó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ ìkà yìí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, akọ̀wé àwọn ilé-ẹjọ́ tí a gbé kalẹ̀ ní Freetown àti Havana kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí etí wọn ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ilà ara wọn. David Eltis, Ugo Nwokeji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó orúkọ wọ̀nyí jọ, ó lé ní 91,000, wọ́n sì fi wọ́n síbi tí ẹnikẹ́ni lè ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a tó fi George tàbí Williams bo àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́lẹ̀, ẹnìkan ti kọ orúkọ ilé wọn. Etí ọmọ Yorùbá tí ó bá kà wọ́n sókè ni yóò mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀, nítorí pé bí a ti kọ wọ́n kò jọ bí a ti ń kọ ọ́.

Mo padà sí ìhà ìlà-oòrùn wa, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ ìdílé ti ṣe àṣemáṣe jù. P. C. Lloyd, tí ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1962, wádìí ọ̀rọ̀ ní Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Adó-Èkìtì àti Abẹ́òkúta. Ó rí i pé ní Adó, ìhà baba ni a fi ń ka ìdílé, ṣùgbọ́n ní Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, ọmọ ní ipa tirẹ̀ nílé ìyá gẹ́gẹ́ bí ó ti ní in nílé baba. Èdè àti àṣà Ìdànrè súnmọ́ ti Oǹdó, ẹni tí ó bá sì bá àwọn àgbà Atosin jókòó yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń ka ìyá àti ìyá-ìyá láìsinmi. Orúkọ ìdílé kò mọ ìyẹn. Ó gé ìdajì ènìyàn kúrò. Obìnrin tí ó bá wọ ilé ọkọ di ìyá Lágbájá lẹ́nu àwọn ará ilé, ó di orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú ìwé. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ń wá a, kò sí ibi tí yóò ti rí i. Bẹ́ẹ̀ òfin ogún Yorùbá pàápàá mọ ìyá. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá ní 1958, tí ìgbìmọ̀ ọba ní London sì fi ọwọ́ sí ní 1962, a fi hàn pé ìdí-igi ni àṣà: iye ìyàwó tí ó bímọ ni a fi ń pín ogún. Àwọn ọmọ náà ń jẹ́ orúkọ kan. Ìyá wọn ni ó sọ bí ogún yóò ṣe pín.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ń ṣẹlẹ̀ lójú wa báyìí. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn Nàìjíríà, ẹ wo ojú ewé tí àwọn ènìyàn ti ń kéde pé àwọn ti yí orúkọ padà. Fá ń di Olú, Ògún ń di Olú, Èṣù ń di Jésù. N kò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni, ẹni ni ó ni ín, Fágúnwà pàápàá yí tirẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n Oròwọlé ni ó yí, kò fọwọ́ kan Fágúnwà. Ọba Èṣùgbàyí Elékò, tí ìjọba amúnisìn yọ lóyè ní 1925, tí ó sì padà sórí ìtẹ́ ní 1931, kò fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, orúkọ náà ni ẹjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ títí dé London. Bí gbogbo ẹ̀ka ìdílé kan bá yí orúkọ wọn sí Olú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan di Olúwábámi, tí èkejì di Olúṣẹ́gun, nígbà tí ó bá fi di ọgbọ̀n ọdún sí i, ọmọ wọn méjì lè pàdé ní yunifásítì kí wọ́n sì fẹ́ ara wọn láìmọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí i, kí ó yí i. Kí ó ṣáà kọ èyí àtijọ́ sí ẹ̀yìn Bíbélì ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó yí i padà.

Àwọn tí ń béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọn ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin àgbà ni mo máa ń kọ́kọ́ rán wọn sí, kì í ṣe àwọn ọkùnrin. Ọkùnrin a máa sọ ìtàn tí ó gbé ẹ̀ka tirẹ̀ ga. Obìnrin tí ó ti ibòmíràn fẹ́ wá sí ilé náà ti ní láti kọ́ ẹni gbogbo kí ó má baà ṣi ènìyàn kí. Lẹ́yìn èyí, ìwé ìrìbọmi ìjọ, ìwé tí a kọ orúkọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sí, ẹ̀dà ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀, àti ibojì tí ó wà ní iwájú ilé. Lẹ́yìn wọn ni ohun tí ènìyàn kì í kà sí: ìwé ètò ìsìnkú. Nínú rẹ̀ ni a ti máa ń rí orúkọ gbogbo ọmọ òkú, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, ìlú ìyá òkú, àti nígbà mìíràn ìnagijẹ tí kò sí ní ibòmíràn. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, a ti fi wọ́n wé àkàrà. Bí mo bá lọ sí òde òkú ní Atosin tàbí ní Odòde, mo máa ń gba méjì, mo sì máa ń kọ orúkọ àwọn ìyá sí etí rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ṣì jókòó lábẹ́ àtíbàbà.